ṢÉ OJÚ Ọ̀RUN ṢÌ TÓ ẸYẸ FÒ?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

*Bíbélì kíkà:* Jeremáyà 8:7, Diutarónómì 22:6-7, Mátíù 7:1-5

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí, èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ bá wí. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá ń jà fún ohun tó dára, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò mọ́, ṣé kó dákẹ́ ni, àbí kó máa jà lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

*Ọgbà ẹ̀yìnkùlé*

Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń dá ọgbà kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé mi. Kò tóbi. Ewédú wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata rodo díẹ̀, àgbàdo ìlà mẹ́rin, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Láàárọ̀, kí n tó jẹun, màá ti bomi rin ín. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbàdúrà jù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run gbé lé Ádámù lọ́wọ́, iṣẹ́ ọgbà ni: kó máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Bí mo bá ti mú ọkọ́ dání báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tí a bí mi fún.

Lẹ́yìn fẹ́ǹsì mi, àkùrọ̀ ni, oparun sì pọ̀ níbẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn lékeléke á dé. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ta ni kò na ọwọ́ sókè sí wọn rí nígbà tó wà lọ́mọdé, kí wọ́n lè fún un ní funfun sí èékánná? Lọ́sàn-án, wọ́n á wà lẹ́yìn màlúù. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà wá sórí oparun yẹn, wọ́n á pọ̀ débi pé bí ẹ bá ti òkèèrè wò ó, ẹ ó rò pé ẹnì kan fọ aṣọ tó sì sá a síbẹ̀ ni. Bí òjò bá ti tún fìdí múlẹ̀, wọ́n á gbéra, ó di òkè ọya.

Kò sẹ́ni tó ń lu agogo fún wọn. Ohun tí wòlíì Jeremáyà rí nìyẹn. Ó wo ẹyẹ àkọ̀ àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó ní àwọn yìí mọ àkókò lílọ àti bíbọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Ọlọ́run kò mọ ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́. Ẹ wo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà. Kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ ó ń fi ìyẹ́ kékeré yẹn la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lálọ àti lábọ̀. Èmi àti ẹ̀yin ńkọ́? Ìsìn aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!

*Ìgbà tí wọ́n mú téèpù dé*

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, àwọn ọkùnrin kan dé sí àdúgbò wa pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ri másìtì mọ́lẹ̀, òpó nẹ́tíwọ̀kì. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni wọ́n yàn. Opó kan ló ni ín, ó ní ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ti ń ta èlùbọ́. Wọ́n ní àwọn á máa san owó ilẹ̀ náà fún un lọ́dọọdún.

Inú mi kò dùn. Mo gbé bírò. Mo kọ ìwé ẹ̀hónú sí ilé iṣẹ́ náà àti sí ìjọba ìbílẹ̀, mo gbé e kiri ojúlé sí ojúlé, àwọn lándìlọ́ọ̀dù mọ́kànlá sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé ka iwájú.

Mo ti kàwé nípa rẹ̀, n kò kàn sọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké tó ń rìnrìn àjò láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, òru ni wọ́n ń fò. Wọ́n ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà, Ọlọ́run sì tún fi ohun kan sí wọn lára tí wọ́n fi ń mọ ibi tí àríwá wà. Àmọ́ bí ìkùukùu bá bo ìràwọ̀, tí wọ́n wá kan iná pupa tó ń tàn láìṣẹ́jú lórí òpó gíga, iná náà á dà wọ́n lójú rú. Wọn ò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á máa yí i po títí àárẹ̀ á fi mú wọn, tàbí títí wọ́n á fi lọ kọlu àwọn wáyà tí wọ́n fi de òpó náà mọ́lẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 1998, lóru ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, ẹyẹ tó kú sí ìdí òpó kò dín ní 5,000. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn òpó ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń pa ẹyẹ tó tó mílíọ̀nù 6.8 lọ́dọọdún.

Àwọn bàbá wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn, kò tí ì sí másìtì lójú ọ̀run. Bí mo ṣe parí ìwé mi nìyẹn, orí mi sì wú.

*Ohun tó wà nínú àwọ̀n*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni obìnrin náà wá kan ilẹ̀kùn géètì mi. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Kò jà o. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun gbọ́ pé mo kọ̀wé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún un bí ẹní ń kọ́ ọmọ kíláàsì mẹ́ta. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìgbà tó yá, ó na ọwọ́ sí ọgbà mi, ó ní:

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹyẹ tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, ṣé kì í ṣe òun ló wà nínú àwọ̀n yín yẹn?"

Mo yíjú wò ó. Ẹ̀yin ará mi, ó dùn mí. Nítorí àwọn ẹ̀ga tó ń yọ mí lẹ́nu nídìí àgbàdo, mo ti ra àwọ̀n ńlá kan, mo ta á sórí rẹ̀ láìfà á le. Ẹyẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ti fi ìyẹ́ lọ́ mọ́ okùn, ó ti kú. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀ga. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ẹyẹ tó ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í jẹ àgbàdo, kòkòrò ló ń jẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewédú mi ló wá bá mi ṣà. Ohun tí mo fi san án lóore nìyẹn. Ìgò oògùn apakòkòrò tí mo fi ń fín ọgbà, tó ń pa oúnjẹ wọn tán, òun náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí gbé e pamọ́.

Obìnrin náà kò sọ ohun mìíràn. Ó ní kí n sùn ire, ó sì lọ.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀mí Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ìwé tó o kọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Ṣé gbogbo òótọ́ ni?" Mo dákẹ́. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn òpó tó ń pa ẹyẹ jù ni àwọn tó ga fíofío tí wọ́n fi wáyà dè káàkiri, àti pé èyí tí wọ́n fẹ́ rì sí àdúgbò wa kò ga tó bẹ́ẹ̀. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ní Amẹ́ríkà kan náà, ológbò ń pa ẹyẹ tó ju bílíọ̀nù kan lọ lọ́dọọdún, tí gíláàsì fèrèsé ilé àwọn èèyàn sì ń pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Mo ní ológbò. Gbogbo fèrèsé mi, gíláàsì ni.

Ó tún ní, "Kí ni o ń bínú sí gan-an?" Níbí ni ẹkún ti fẹ́ gbọ̀n mí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo ń bínú sí, àti èéfín rẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ burú jù: ilẹ̀ tèmi ni àwọn ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wọ̀n! Wọ́n ní kò tó. Ká ní ó tó ni, ká ní èmi ni wọ́n fẹ́ máa sanwó fún lọ́dọọdún, ṣé màá rántí lékeléke? N kò lè búra. Mo ti mú ẹ̀dá Ọlọ́run, mo fi bo ìlara ara mi mọ́lẹ̀.

*Ṣé kí n wá dákẹ́ ni?*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ya ìwé náà, kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan á sọ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, kó yéé tọ́ka sí ẹlòmíràn. Àwọn kan á tún sọ pé, "Ìwọ tó ń lo fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú másìtì?" Ọ̀rọ̀ yẹn náà wúwo. Kí GSM tó dé ní 2001, láìnì tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rán èèyàn láti Èkó wá sílé tìtorí ìròyìn ikú, tí wọ́n á ti sin òkú tán kí àwọn ọmọ tó gbọ́. Lónìí, aláboyún tó ń rọbí lóru lè pe ẹni tó ní mọ́tò. Oore ni másìtì ṣe fún wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ka Mátíù orí keje, mo rí ohun kan tí n kò kíyè sí rí. Olúwa wa kò ní kí ẹni tó ní ìtì igi lójú fi ẹ̀rún igi sílẹ̀ sójú arákùnrin rẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, kó bàa lè ríran kedere láti yọ ti ẹnìkejì. Ẹ ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rún igi náà wà lójú lóòótọ́, yíyọ ló sì yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò sọ iná pupa yẹn di ohun rere fún ẹyẹ. Bí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ bá dákẹ́, ta ló máa kù tó máa sọ̀rọ̀? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Nígbà mìíràn, ọ̀lẹ ni.

Mo tún ka Diutarónómì orí kejìlélógún. Òfin kékeré kan wà níbẹ̀ nípa ìtẹ́ ẹyẹ: bí o bá rí i lọ́nà, o lè mú ọmọ, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́ ìyá kó lọ. Ọlọ́run mọ̀ pé ebi ń pa ènìyàn. Kò ní ká má jẹun. Ohun tó ṣe ni pé ó pa ààlà. Àwọn àgbà tiwa náà sọ ọ́: oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ààlà wà láàárín èmi àti ẹyẹ. Ó wà láàárín másìtì àti ẹyẹ. Ó sì wà láàárín ọgbà mi àti oúnjẹ ọmọ opó.

*Ta ni yóò san owó rẹ̀?*

Ọ̀rọ̀ ọmọ opó yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Ní Ebbaken, lẹ́bàá Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River níbí, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá máa ń kó ara jọ sùn lórí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń mú wọn jẹ, oje tó ń lẹ̀ ni wọ́n ń fi mú wọn. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ dáàbò bo ẹyẹ dé ibẹ̀, wọn ò kàn pariwo pé "Ẹ má pa wọ́n mọ́" kí wọ́n sì padà sílé lọ jẹ adìyẹ. Wọ́n jókòó ti àwọn ará abúlé, wọ́n bá wọn wá ọ̀nà àtijẹ mìíràn. Ìgbà yẹn ni pípa ẹyẹ tó dínkù.

Èmi ńkọ́? Mo kọ̀wé kí opó má gba owó, n kò bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kan péré pé èló ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ìwà ire tó jẹ́ pé àpò ẹlòmíràn ló ń ti san gbogbo owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó pè é ní ti Olúwa.

Mo lọ bá a nílé. Mo tọrọ àforíjì, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé ilẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi." Ojú tì mí! Àwa méjèèjì jọ kọ ìwé mìíràn. A ní kí wọ́n ri òpó náà sí ìhà ojú títì, kó jìnnà sí oparun. Kó jẹ́ èyí tó dá dúró láìsí wáyà. Bí òfin bá ní kí iná wà lórí rẹ̀, kó jẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú. Kì í ṣe pé a hùmọ̀ èyí lórí ara wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Michigan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé bí a bá mú iná tí kì í ṣẹ́jú kúrò, ikú ẹyẹ nídìí òpó lè fi ìdá 50 sí 71 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ní 2015, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà yí ìlànà wọn padà nítorí rẹ̀. Ohun kékeré ni. Iná kan náà ni, kó sáà ti máa ṣẹ́jú.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Másìtì kan ti wà ní oríta wa. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá pín in lò, kò ní sí ìdí láti ri òmíràn. Èyí ló máa dára jù fún ẹyẹ, òun náà ló sì máa gba owó lọ́wọ́ opó. Mo sọ ọ́ fún un, n kò fi pamọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn."

N kò kọ ọ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá àánú ni mo fi hàn tàbí ojo ni mo ṣe. Mo ń gbé e síwájú Olúwa.

*Bí ó ti rí báyìí*

Òpó náà ti dúró. Kò ní wáyà, iná orí rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo bí mo ṣe rò, mo sì ti ń fara dà á. Ọmọ rẹ̀ àgbà ti wọ ilé ìwé gíga. Lékeléke padà wá lẹ́ẹ̀rùn yìí. Ṣé wọ́n dínkù ni àbí wọn ò dínkù? N kò kà wọ́n rí tẹ́lẹ̀, n kò sì ní parọ́. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wọ́n, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé.

Nínú ọgbà, mo tú àwọ̀n ńlá yẹn. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀, ojú rẹ̀ kéré, mo sì fà á le dáadáa. Ìlà méjì ni mo fi bò, mo jọ̀wọ́ ìlà méjì yòókù fún àwọn ẹ̀ga. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kì í kórè dé eteetí oko, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan ṣà. Ẹyẹ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣé òun náà kì í ṣe àlejò? Mo ti jáwọ́ nínú oògùn yẹn. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣa kòkòrò, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń bá mi ṣà. Ewédú mi ní ihò díẹ̀díẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ó ń fà dáadáa lọ́bẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé: òpó yẹn gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọwọ́ yín láàárọ̀ yìí.

*Ìbéèrè fún òní:* Ìjà rere wo ni mò ń jà? Kí ló ń bẹ lábẹ́ rẹ̀? Ta ló ń san owó rẹ̀? Má dáwọ́ ìjà náà dúró o. Kọ́kọ́ lọ wo inú àwọ̀n rẹ.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tí o mọ iye ológoṣẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, fi ohun tó wà nínú ọgbà mi hàn mí kí n tó yẹ ọgbà ẹlòmíràn wò. Má jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ bo ìlara mi. Fún mi ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kí o sì fún mi ní àánú láti rántí ẹni tí òtítọ́ náà yóò ná lówó. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá ọ wí bó ṣe bá mi wí, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan.